Aṣọ Orí Ìtàgé Nígbà Ooru: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Olórin

Gbogbo ẹni tó ń kọrin tàbí tó ń lo ohun èlò orin níwájú èrò ni ojú ewé yìí wà fún, yálà lábẹ́ oòrùn ni o, tàbí nínú gbọ̀ngàn tí iná ìtàgé ti ń jóni. Ohun kan la fẹ́ kó yé yín kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ télọ̀: aṣọ ooru gidi ni aṣọ tó bá fún òógùn láyè láti gbẹ. Àwọ̀, oge àti ẹ̀ṣọ́ ara aṣọ, ẹ̀yìn èyí ni wọ́n ń tò sí.

Kí ló fà á tí ooru fi ń mú olórin ju òǹwòran lọ, nígbà tó jẹ́ pé ibì kan náà ni wọ́n jọ wà?

Ara tó ń ṣiṣẹ́ máa ń mú ooru jáde fúnra rẹ̀, eré ṣíṣe sì jẹ́ iṣẹ́ agbára, pàápàá fún onílù àti akọrin tó ń jó. Iná tún wà lókè. Gílóòbù ìtàgé ayé àtijọ́, ọ̀kan ṣoṣo lè jẹ 1,000 wáàtì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ló ń di ooru. Iná LED kò gbóná tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí náà, ẹ béèrè irú iná tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó mú aṣọ.

Òógùn ni ara fi ń tu ara rẹ̀ lára. Lítà òógùn kan tó bá gbẹ lórí awọ ara á kó ooru tó tó 2,400 kilojoule (ìdíwọ̀n agbára ooru) lọ. Èyí tó bá kán sílẹ̀ kò kó nǹkan kan lọ. Omi lásán lẹ pàdánù. Bí ọ̀rinrin bá kún inú afẹ́fẹ́, òógùn kì í tètè gbẹ, ìdí nìyẹn tí 32°C níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀ fi lè ni olórin lára ju 38°C níbi tí afẹ́fẹ́ ti gbẹ lọ.

Irú aṣọ wo gan-an ni kí a rà?

Ẹ wo bó ṣe wúwo tó kí ẹ tó wo orúkọ rẹ̀. Iye gíráàmù tó wà nínú aṣọ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó gùn ní mítà kan, ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀. Ẹ̀wù ooru yẹ kó wà láàárín 100 sí 150 gíráàmù. T-shirt tó wọ́pọ̀ máa ń tó 150 sí 180. Jíìnsì nípọn tó 400, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè gé e tí yóò fi di aṣọ ooru.

Aṣọ ọ̀gbọ̀ ló ṣáájú lójú tiwa. Ó máa ń le díẹ̀, kì í lẹ̀ mọ́ ara, atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń gbẹ kíákíá. Ó máa ń rún o, ṣùgbọ́n kò sí òǹwòran tó ń rí i láti ìlà kẹta. Òwú fẹ́lẹ́ tẹ̀ lé e. Aṣọ irun àgùntàn fẹ́lẹ́, èyí tó tó nǹkan bí 150 gíráàmù, dára ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ: ó ń fa òógùn, kì í sì tètè rùn, tó fi wúlò fún ẹni tó ń rìnrìn àjò eré. Polyester méjì ló wà, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ eré ìdárayá ní ihò wínníwínní, ó ń tú òógùn ká kó lè gbẹ. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù dídán olówó pọ́ọ́kú ń dí ara pa, ó sì ń rùn. Ṣẹ́dà fúyẹ́, ó tutù lára, ṣùgbọ́n òógùn máa ń fi àbààwọ́n sí i. Àrán, awọ àti aṣọ tí wọ́n lẹ nǹkan dídán mọ́ káàkiri, ẹ fi wọ́n pamọ́ de ìgbà òtútù.

Ọ̀nà méjì wà tí ẹ fi lè dán aṣọ wò ní ṣọ́ọ̀bù láìsí irinṣẹ́ kankan. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ gbé e sún mọ́ ẹnu, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ sí òdìkejì rẹ̀, kí ẹ wá fẹ́ atẹ́gùn sí i. Tí àtẹ́lẹwọ́ yín bá mọ atẹ́gùn náà lára láìjẹ́ pé ẹ fi gbogbo agbára fẹ́ ẹ, aṣọ náà ń mí. Lẹ́yìn náà, ẹ kán omi kan ṣoṣo sí ibi tí kò hàn. Tó bá tàn ká láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò gba òógùn. Tó bá dúró gbáà lórí aṣọ bí omi orí ewé kókò, ẹ dá a padà.

Ṣé òwú kọ́ ni gbogbo èèyàn mọ̀ sí aṣọ ooru?

Òun ni, kò sì burú fún eré tí kò gùn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ń mu omi púpọ̀, kì í sì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Tí eré bá ti kọjá nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, òwú tó ti rin gbingbin á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ihò ara rẹ̀ á dí, á wúwo, á sì máa fa èjìká. Tí ẹ bá wá kúrò lórí ìtàgé bọ́ síbi tí fáànù tàbí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́, òtútù á bá yín lójijì. Fún eré gígùn, aṣọ tí wọ́n fi òwú àti ọ̀gbọ̀ pọ̀ hun dára jù ú lọ. Ẹ sì lè wọ síńgílẹ́ẹ̀tì eré ìdárayá fẹ́lẹ́ sábẹ́ ẹ̀wù òwú, kó máa fa òógùn kúrò lára.

Ẹgbẹ́ wa ń wọ dúdú látòkè délẹ̀. Ṣé ká pààrọ̀ àwọ̀ ni?

Ó dá lórí ibi tí ẹ ti ń ṣeré. Nínú gbọ̀ngàn tó ń lo iná LED, àwọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Bí aṣọ ṣe nípọn tó àti bó ṣe fún tó ló ń ṣiṣẹ́. Lábẹ́ oòrùn ọ̀sán, dúdú tó lẹ̀ mọ́ ara yóò gba ooru ju funfun lọ, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára kí orin kejì tó parí. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá gbòòrò, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ní 1980, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tẹ ìwádìí jáde nípa ẹ̀wù ńlá dúdú tí àwọn Bedouin, ìyẹn àwọn darandaran Lárúbáwá, ń wọ̀ nínú aṣálẹ̀: aṣọ dúdú náà gbóná ju funfun lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ooru tó dé ara ẹni tó wọ̀ ọ́ kò yàtọ̀, nítorí atẹ́gùn tó wà láàárín aṣọ àti ara ń gbé èyí tó lé kúrò. Tí dúdú bá jẹ́ àmì ẹgbẹ́ yín, ẹ jẹ́ kó gbòòrò, kó sì fẹ́lẹ́.

Àwọ̀ wo ni kì í jẹ́ kí òógùn hàn?

Àwọ̀ eérú àti búlúù òfuurufú ló ń tú àṣírí jù. Dúdú, búlúù tó dúdú, funfun àti aṣọ oníṣẹ́ ọnà wẹ́wẹ́ ló ń bo òógùn jù. Ẹ ṣọ́ra fún funfun: tó bá rin, tí iná sì tàn látẹ̀yìn, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń hàn. Kí ẹ tó yàn án, ẹ wọn omi sí i lẹ́yìn, kí ẹnì kan dúró síwájú yín, kí ẹlòmíì sì tan iná tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn. Aṣọ abẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti ara yín kì í hàn bíi funfun.

Àwọn èròjà tí ń dí òógùn lábẹ́ abíyá máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa tí ẹ bá fi wọ́n pa abíyá gbígbẹ lálẹ́ kí ẹ tó sùn. Fífi wọ́n para nígbà tí òógùn ti ń ṣàn kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò.

Báwo ni aṣọ ṣe gbọ́dọ̀ gbòòrò tó?

Ẹ jẹ́ kí àyà ẹ̀wù fi nǹkan bí 12 sí 15 sẹ̀ǹtímítà ju àyà yín lọ. Abíyá ni kí ẹ sọ fún télọ̀ pé kó fẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni òógùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọrùn tó ṣí sílẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ẹ̀wù tí ẹ kò kì bọ ṣòkòtò máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn gbóná gba òkè jáde, kí tútù sì gba ìsàlẹ̀ wọlé. Bẹ́líìtì tó fún pinpin dí ọ̀nà yẹn. Tó bá pọn dandan kí ẹ kì í bọ inú, ẹ lo ṣòkòtò onírọ́bà tàbí èyí tí kò fún níbàdí.

Wọ́n ní dandan ni kóòtù àti táì. Kí la lè ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ bá olórí ẹgbẹ́ sọ ọ́. Ìmọ̀ràn wa fún àwọn olórí ẹgbẹ́ ni pé kí wọ́n pinnu rẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ eré tó dé: tí ibi eré bá ti kọjá 30°C, kóòtù á bọ́, gbogbo ẹgbẹ́ á sì wọ ẹ̀wù kan náà. Kò dára kí onífayolíní kan máa fi ìtìjú jókòó nínú kóòtù nígbà tí orí ti ń pòòyì.

Tí kóòtù kò bá ṣeé bọ́, ẹ wá irun àgùntàn tí wọ́n hun fẹ̀, tó tó 210 sí 240 gíráàmù. Ẹ sọ fún télọ̀ pé kó má rán aṣọ inú sí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀, kó fi mọ sí èjìká àti apá. Aṣọ inú yìí ló ń pani jù nínú kóòtù, nítorí polyester dídán ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é. Ní ti táì, ẹ lè gé kọ́là àti iwájú ẹ̀wù funfun sọ́tọ̀, kí ẹ fi okùn so ó mọ́ra, kó má sí ẹ̀yìn àti apá lábẹ́ kóòtù. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bọ́ kóòtù kí eré tó parí.

Mo ń ta gìtá. Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún?

Ọwọ́ tó ń ta á ló ń jókòó sórí ara gìtá, ibẹ̀ sì ni òógùn ti ń jẹ ọ̀dà rẹ̀. Apá ẹ̀wù fẹ́lẹ́ tó dé ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́ díẹ̀ dára ju èyí tí kò ní apá lọ, torí aṣọ náà ni yóò gba òógùn. Ẹ yọ ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka: irin ń ha ara gìtá, ìka sì máa ń wú nínú ooru débi pé òrùka lè kọ̀ láti jáde. Orí bẹ́líìtì ṣòkòtò àti bọ́tìnnì irin ń ha ẹ̀yìn gìtá bákan náà. Ẹ ti orí bẹ́líìtì sí ẹ̀gbẹ́.

Bẹ́líìtì gìtá tó fẹ̀ tó 5 sí 8 sẹ̀ǹtímítà ń pín ẹrù, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí èjìká mí. Èyí tí wọ́n fi òwú hun ló sàn nínú ooru. Bẹ́líìtì aláwọ tuntun tí wọ́n pa láró máa ń yọ àró sára ẹ̀wù funfun tó ti rin. Ẹ fi aṣọ funfun tó tutù nu inú rẹ̀ lọ́jọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ wò ó bóyá àró ń bọ́. Tí eré bá parí, ẹ nu okùn gìtá lọ́kọ̀ọ̀kan lókè àti nísàlẹ̀, torí òógùn ló ń dípẹtà sí wọn lára.

Onílù ńkọ́?

Ẹ̀yin lẹ ń ṣe iṣẹ́ jù, ẹ̀yin náà ló yẹ kí ẹ wọ nǹkan díẹ̀ jù. Ṣòkòtò tó dé orúnkún, tó nà, tí kò sì ní ojú rírán nípọn níbi tí ẹ ń jókòó lé. Ẹ̀wù tí kò ní apá, tàbí tí apá rẹ̀ kúrú tó sì fún díẹ̀, torí apá tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lè kọ́ ọ̀pá ìlù. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọrùn ọwọ́ kì í jẹ́ kí òógùn ṣàn dé àtẹ́lẹwọ́, ó sì sàn ju ìbọ̀wọ́ lọ. Bàtà pẹlẹbẹ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò nípọn ló ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ pẹ́dàlì. Ẹ gbé fáànù kékeré sí ẹ̀gbẹ́, kó dojú kọ ẹ̀yìn yín tàbí àyà, kó má dojú kọ máíkì, torí ariwo atẹ́gùn á wọ inú rẹ̀.

Àwọn tó ń fọn fèrè àti àwọn onífayolíní?

Fún afọnfèrè, ohun tó kọ́kọ́ ṣe pàtàkì ni kí ìbàdí àti ìhà ṣí sílẹ̀, kí èémí lè wọlé dé ìsàlẹ̀. Okùn saxophone tín-ín-rín máa ń rin, á sì bó ọrùn. Èyí tí ń gba èjìká méjèèjì ń pín ìwúwo. Ọwọ́ tó ń làágùn ń jẹ ọ̀dà ara fèrè idẹ, nítorí náà ẹ fi aṣọ rírọ̀ sínú àpò, kí ẹ máa nù ún láàárín orin.

Ọ̀dà fayolíní máa ń rọ̀ nínú ooru. Tí ẹ bá gbé e lé èjìká tó ti rin, ojú híhun aṣọ yín lè yà sí ara rẹ̀ títí láé. Ẹ tẹ́ aṣọ òwú dídán tó gbẹ sáàárín rẹ̀ àti àgbọ̀n àti èjìká, kí ẹ ní méjì kí ẹ lè pààrọ̀ rẹ̀. Kọ́là líle, síìpù iwájú àti ẹ̀gbà ọrùn, ẹ fi wọ́n sílé.

Akọrin tó ń lo máíkì aláìlówáyà?

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìbàdí ni òógùn ń bàjẹ́ jù. Ẹ má fi í kan awọ ara. Ẹ fi há ẹ̀yìn ìbàdí lórí aṣọ, kí eriali rẹ̀ nà gbọọrọ, kó má ká, kó má sì lẹ̀ mọ́ ara, torí ara èèyàn ń gba ìgbì rédíò mọ́ra, ohùn á sì máa já. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò ohùn máa ń fi ẹ̀rọ náà sínú kọ́ńdọ̀mù tí kò ní òróró, kí wọ́n tó fi í sínú àpò rẹ̀. Ó rọrùn, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Tó bá jẹ́ máíkì ojú, ẹ ṣẹ́ wáyà rẹ̀ kó ṣe òbìrí kékeré kan lẹ́yìn etí, kí òógùn tó ń ṣàn lórí wáyà lè kán sílẹ̀ níbẹ̀ kó tó dé orí máíkì. Nǹkan tí ẹ ń kì bọ etí láti gbọ́ ohùn ara yín náà máa ń yọ̀ jáde. Ẹ nu inú etí gbẹ, kí ẹ lẹ wáyà mọ́ ẹ̀yìn ọrùn pẹ̀lú téèpù ara.

Irú bàtà wo? Ṣé mo lè wà láìwọ bàtà?

Rárá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Pákó ìtàgé tí wọ́n kùn ní dúdú, tí oòrùn sì ti pa láti àárọ̀, lè jó àtẹ́lẹsẹ̀. Èyí tó tún léwu ju ìyẹn lọ ni iná mànàmáná: ara tó ti rin fún òógùn ń jẹ́ kí iná tètè gba inú rẹ̀ kọjá, ẹni tó di gìtá mú tó sì fẹnu kan máíkì lè jìyà rẹ̀ tí wáyà ilẹ̀ (èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà wọ ilẹ̀) kò bá dára. Bàtà gbígbẹ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà ń dín ewu náà kù, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò kí oníná yẹ wáyà ilẹ̀ wò. Ìbọ̀sẹ̀ òwú tó rin ló ń bó ẹsẹ̀. Ẹ mú èyí tó ní irun àgùntàn tàbí náílọ́ọ̀nù nínú, kí ẹ sì mú méjì dání.

Fìlà, ìpara oòrùn àti oògùn ẹ̀fọn?

Lábẹ́ oòrùn, akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ tó 7 sẹ̀ǹtímítà, tí wọ́n hun ní aláfo, dára gan-an. Nínú gbọ̀ngàn, ẹ ṣí orí sílẹ̀. Ìpara oòrùn tí SPF rẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn) jẹ́ 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni kí ẹ fi para ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 kí ẹ tó jáde, kí ẹ tún un pa lẹ́yìn wákàtí méjì méjì. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí ẹ fi pa á mọ́ra, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ìka kí ẹ tó gbé ohun èlò. Oògùn ẹ̀fọn tó ní DEET ń yọ́ ike àti ọ̀dà. Ẹni tó fi pa ọwọ́ tó sì gbé gìtá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ á rí àmì ìka rẹ̀ lára rẹ̀ títí ayé.

Mo ń wọ gáùn àti wíìgì. Ìmọ̀ràn wo lẹ ní?

Gáùn tó fẹ̀ látìsàlẹ̀ ń gba atẹ́gùn ju ṣòkòtò lọ. Ẹ wọ ṣòkòtò kékeré fẹ́lẹ́ tó dé àárín itan sábẹ́ rẹ̀, kí itan má baà bó. Vaseline tín-ín-rín náà ń ṣe é. Kọ́sẹ́ẹ̀tì àti aṣọ tí ń fún ikùn kò yẹ akọrin nínú ooru, torí wọ́n ń dá èémí dúró, wọ́n sì ń dé òógùn mọ́nú. Wíìgì kúkúrú tí abẹ́ rẹ̀ ní ihò sàn ju gígùn lọ.

Ẹ̀wù tí wọ́n ń fi yìnyín sí ńkọ́?

Ó wúlò kí ẹ tó gorí ìtàgé: ẹ wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ bọ́ ọ. Ó máa ń wúwo tó kílò kan sí méjì, ìdí nìyẹn tí kì í fi bá eré mu. Irú èyí tí wọ́n kàn ń rì bọ omi kò wúlò níbi tí ọ̀rinrin ti pọ̀. Lórí ìtàgé, aṣọ ìnura tó tutù lẹ́yìn ọrùn láàárín orin ti tó.

Kí ni àmì pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ti aṣọ?

Orí fífọ́, èébì, kí iṣan máa fà le àti òòyì túmọ̀ sí pé ẹ dúró, ẹ bọ́ sí òjìji, ẹ tú aṣọ sílẹ̀, ẹ mu omi. Tí olórin bá ń sọ ìsọkúsọ, tí kò dá èèyàn mọ̀ mọ́, tàbí tó dákú, tí ara rẹ̀ sì gbóná tó 40°C, pàjáwìrì ni. Ẹ pe ilé ìwòsàn, ẹ bọ́ aṣọ òde rẹ̀, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ fi yìnyín sí ọrùn, abíyá àti ibi tí itan rẹ̀ ti pàdé ikùn títí ìrànwọ́ á fi dé. Ẹ má fún ẹni tó dákú lómi mu.

Kó tó dé ibẹ̀, ẹ máa mu omi tó tó 200 sí 250 mílílítà ní ìṣẹ́jú 15 sí 20, kí ẹ má sì jẹ́ kó ju lítà kan ààbọ̀ lọ ní wákàtí kan.

Aṣọ mélòó ni kí n kó dání, báwo ni mo sì ṣe máa fọ̀ wọ́n?

Ẹ̀wù mẹ́ta fún eré méjì, ìbọ̀sẹ̀ méjì, aṣọ abẹ́ méjì, aṣọ ìnura méjì. Ẹ wọ aṣọ tuntun níbi ìdánrawò fún ìdajì wákàtí ó kéré tán: ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ jókòó, ẹ tẹ̀ ba, ẹ gbé ohun èlò kọ́rùn.

Ẹ má ká aṣọ tó rin sínú ọ̀rá dìgbà tí ẹ bá délé; ẹ fi kọ́ síbi atẹ́gùn. Èyí tó ti ń rùn, ẹ rẹ ẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú lítà omi mẹ́rin tí ẹ da ife ọtí kíkan funfun kan sí, kí ẹ tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má da èyí pọ̀ mọ́ bílíìsì, torí gáàsì tó ń jáde lára wọn léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Bílíìsì gan-an kì í mú àmì pupa rúsúrúsú abíyá kúrò, ńṣe ló ń mú un le sí i. Ní ti polyester eré ìdárayá, ẹ má lo èròjà tí ń mú aṣọ rọ̀, torí ó ń bo fọ́nrán rẹ̀, kò sì ní fa òógùn mọ́.